Òkun Inú Pálọ̀ Ìyá Mi

Ìyá mi ò rí òkun rí. Omi tó tóbi jù tí wọ́n mọ̀ láyé wọn ni odò Ọ̀sẹ̀, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ti máa ń rí i. Bí ọkọ̀ bá ti gun afárá, wọ́n á dijú títí a ó fi kọjá. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí wọn sí, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti lọ́kọ, oko kòkó bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì ti lo agbára wọn tán. Iwájú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sí lọ́jọ́ kan, tó ní òun ti ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ ìpẹja, ọkọ̀ ńláńlá tó máa ń pẹ́ lójú òkun kó tó padà sí èbúté.

Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tún ẹ́ńjìnnì àwọn bọ́ọ̀sì ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Benin ṣe títí ó fi sú u. Màmá bi í pé kí ló mọ̀ nípa omi. Ó ní, "Màmá, ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì, ìbáà wà lórí ilẹ̀, ìbáà wà lójú omi." Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. A jọ dàgbà, a jọ jà, mi ò sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti torí rẹ̀ gbá mi létí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní "ó" níhìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí.

Nígbà òjò ni ìpè wọlé. Èmi ni wọ́n pè, torí nọ́ńbà mi ló fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìjì ti dojú ọkọ̀ wọn dé. Wọ́n rí àwọn kan yọ láàyè, wọ́n rí òkú àwọn kan, wọn ò rí ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin tó pè mí ò dárúkọ ikú rárá. "A ò tíì rí wọn" ló ń tẹnu mọ́, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi kàn yà síbì kan láti ra búrẹ́dì ni. Wọ́n wá a títí, wọ́n dáwọ́ dúró. Mo sọ ọ́ fún Màmá bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́. Màmá sì di "a ò tíì rí wọn" yẹn mú, wọn ò fi í sílẹ̀ mọ́.

Wọn ò sunkún. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo ti rí ìyá mi tí wọ́n sunkún nítorí ewúrẹ́ tí mọ́tò pa. Ṣùgbọ́n lórí ọmọ wọn, ojú gbẹ. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ru, dókítà nílé ìwòsàn ìjọba sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé oògùn nìkan ò lè dá a ṣe, pé ohun tó há sínú màmá yìí ní láti jáde, bí kò bá jáde, á gbé wọn lọ. Bí àwọn ẹbí bá wá ní ká mú ọjọ́ tí alùfáà yóò ṣe ìsìn fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá á ní, "Bó bá kú, ẹ gbé e wá kí àwọn àbúrò rẹ̀ sin ín. Bí kò bá kú, kí lẹ fẹ́ fi alùfáà ṣe?" Àwọn ẹbí á gbàdúrà, wọ́n á mu omi, wọ́n á lọ.

Mo kó ẹrù mi padà sílé Màmá. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n wà níbi tiwọn, kò sì sí ohun tó dè mí mọ́lẹ̀. Tíṣà ni mí, àwòrán yíyà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà yẹn, ó máa ń ti rẹ̀ mí kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Màá pọn omi, màá po ògì tí Màmá ò ní mu tán, màá gun ọ̀kadà lọ síléèwé, màá fi ọ̀fun mi bá kíláàsì tó kún fọ́fọ́ jà, màá sì padà wá bá ìyá mi lórí àga kan náà, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Èjìká mi ọ̀tún ti ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò ráyè tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àmọ́ tèmi ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, a jẹun tán, wọ́n pè mí ní Tíṣà. Bí ìyá mi bá ti pè mí ní Tíṣà, ohun kan ni wọ́n fẹ́ gbà.

"Tíṣà, báwo ni ibi tí ọma mi wà ṣe rí?"

Mo ní, "Màmá, òkun ni. Omi ni."

"Omi inú ìkòkò náà, omi ni." Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. "Ṣebí ìwọ lo ní o mọ àwòrán yà? Yà á fún mi kí n wò ó."

Mi ò lè sọ pé rárá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dà olóróró ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀dà olómi ti yá jù, bí o bá ti fi kàn án, ó ti gbẹ, ó ti parí. Èyí tí wọ́n fi òróró pò máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Èèyàn lè pa á rẹ́, kó tún un kùn, kó fi ìka ti àwọ̀ kan wọnú òmíràn títí tí kò ní hàn mọ́ ibi tí ọkọ̀ parí sí tí kùrukùru ti bẹ̀rẹ̀. Mo fa àpótí tí mo kó wọn sí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdajì wọn ti gan. Àwọ̀ pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti òrùlé tó dógùn-ún ni mo fi gbogbo ayé mi yà. Búlúù ló kù rẹpẹtẹ, mi ò rí nǹkan fi í ṣe rí. Mo kan férémù, mo na aṣọ kaliko lé e, mo fi gọ́ọ̀mù káfíńtà àti ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun ilé dí ojú aṣọ náà.

Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú tèmi rí òkun lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí Èkó láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, bàtà mi kan tí ìgbì gbé lọ ni mo sì fi gbogbo ọjọ́ wá. Ohun tí mo rántí nípa òkun kò ju ariwo rẹ̀ lọ, a kì í sì í fi ọ̀dà kun ariwo.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní bàráńdà ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Sátidé. Mo fa ilà ibi tí omi àti òfúrufú ti pàdé, mo kó ìgbì sísàlẹ̀ rẹ̀, mo tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èyí iwájú tóbi, èyí ẹ̀yìn kéré, ẹ̀gbẹ́ kan mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣú. Mo rò pé mo ń gbìyànjú. Màmá gba ẹ̀yìn mi kọjá, wọ́n ń lọ sí balùwẹ̀, wọ́n dúró.

"Ta ló kọ ebè síbẹ̀ yẹn?"

Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó. Ebè ni lóòótọ́. Oko iṣu ni mo yà, mo wá kùn ún ní búlúù. Ohun tí mo ti ń rí láti kékeré tó ń yọrí sókè lọ́wọ̀ọ̀wọ́ títí dé ibi tí ojú mọ, ebè ni, ọwọ́ mi ò sì mọ òmíràn. Inú bí mi, ẹ̀rín sì pa mí. Màmá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn kàn mì díẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan kọjá tí mi ò fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ti ti iṣẹ́ dé, màá wò ó níbi tó fi ara ti ògiri, màá ní lọ́la. Ọyẹ́ ló gbà mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń lọ síléèwé lórí ọ̀kadà, kùrukùru ọyẹ́ ti bo ìlú. Àwọn òkè tó yí wa ká ti yọ́ sínú òfúrufú. Ọ̀pẹ tó wà nítòsí dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e dà bí eérú, èyí tó jìnnà jù, èèyàn kàn ń rò pé ọ̀pẹ ni. Kò sí ààlà láàrin ilẹ̀ àti ọ̀run. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró.

"Àǹtí, ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

Mo ní rárá, mò ń wo nǹkan ni. Ó wo ibi tí mò ń wò, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó pòṣé. Kò mọ̀ pé àìrí nǹkan kan yẹn gan-an ni mò ń wá.

Mo padà sí ìdí iṣẹ́. Mo pa ilà yẹn rẹ́. Mo po funfun mọ́ búlúù, mo fi pupa tó kù pa ẹnu rẹ̀ kó má baà mú jù, mo kun òfúrufú àti omi pa pọ̀ ní tútù, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a lọ, gbá a bọ̀, títí tí wọ́n fi wọnú ara wọn. Ìgbì, iwájú nìkan ni mo fi sí, kékeré. Eruku ọyẹ́ ń bà lé ọ̀dà tútù, kò sì sí bí mo ṣe lè lé e. Mo kọ́kọ́ ń fi orí abẹ́rẹ́ ṣà á, nígbà tó yá mo fi í sílẹ̀.

Fún ọkọ̀, mo wo fọ́tò kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó dúró síwájú ọkọ̀ wọn ní èbúté, ó na àtàǹpàkò sókè, gírísì wà ní gbogbo ara aṣọ rẹ̀. Búlúù ni ọkọ̀ náà, ìdí rẹ̀ ti dógùn-ún, òpó kan dúró láàrin rẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹpẹtẹ. Mo yà á láìsí ẹ̀gbọ́n mi níwájú rẹ̀. Èyí ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ara rẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lápá kan, mo sì ní láti fi ọkàn mi gbé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ojú ìbá rí ká ní kò dúró síbẹ̀. Mo jókòó tì í pẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi púpọ̀, mi ò sọ ọ́ fún un rí.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo yà: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ti ń dà bí eérú, ọ̀kan lókèèrè tó jẹ́ pé bí èèyàn ò bá fara balẹ̀, á rò pé àbàwọ́n ni. Mi ò dúró kó gbẹ tán kí n tó gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀, ní ọ̀kánkán àga Màmá. Mo dúró lẹ́yìn wọn bí ọmọ iléèwé tó ń retí máàkì. Wọ́n wò ó títí.

"Ṣé bó ṣe tóbi tó nìyí?"

"Ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá."

"Èwo ni tirẹ̀?"

Mi ò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ọwọ́ mi kàn nà sí èyí tó jìnnà jù.

"Ó jìnnà o," ni Màmá wí. "Ó jìnnà sí ulé."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n jẹ iyán, wọ́n tún bu ọbẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń kí i láti pálọ̀: "Ṣé o jí ire?" Wọ́n sọ fún un pé ọyẹ́ mú, pé àwọn aládùúgbò ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn, pé Tíṣà ń húkọ́. Wọ́n yí àga wọn kúrò ní ojú ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wọn, wọ́n ní àwòrán náà tutù lójú. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tí dókítà ò lè ṣe. Inú mi dùn sí ara mi, ó sì ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ó rí bẹ́ẹ̀ títí Bàbá Kékeré fi dé láti Elegbeka. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, àwọn ló sì ń ṣe olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Wọ́n gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa bí ìṣe wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kí Màmá, ojú wọn sì lọ sí ògiri. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, wọn ò jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n ṣẹ́jú sí mi kí n tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ta ló ní kí o gbé kiní yẹn kọ́ síbẹ̀?"

"Màmá ni wọ́n ní kí n yà á. Òkun ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé òkun ni. Níbo ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Mo ní níbo ló wà?"

"Inú òkun ni."

"O wá gbé ojú oórì ọmọ kọ́ síwájú ìyá tó bí i." Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. "Ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé abiyamọ ń wo ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí? Ìwọ wá kọ́ ọ sí ibi tó ti ń jẹun."

Mo mọ èèwọ̀ yẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Nígbà tí ọmọ àǹtí mi kan kú, wọ́n ti mú ìyá rẹ̀ lọ sí àdúgbò mìíràn kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, bí wọ́n sì bá ń bá a rìn lónìí, ọ̀nà kan wà tí wọn kì í gbà. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wa, alùfáà fúnra rẹ̀ kì í bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n oórì tí mo mọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n á rẹ́ ẹ. Ará òkè ni mí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kun omi yẹn, mo ń po àwọ̀ rẹ̀, mo ń gbá a lọ gbá a bọ̀, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí pé ibojì ni mò ń yà.

Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà mí, inú ló máa ń bí mi.

Mo ní, "Bàbá, ta ló ti sọ fún Màmá nínú ẹbí yìí pé ó ti kú?"

"Ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wọlé kí ẹ gbé e kúrò. Bí Màmá bá béèrè ìdí, ẹ sọ ọ́ fún wọn."

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Wọ́n wọlé lóòótọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dé iwájú àwòrán náà, wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè sí i, Màmá sì gbójú sókè pẹ̀lú ayọ̀ bí ẹni tó ń fi ilé tuntun han àlejò.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ rí ibi tí ọma yín wà?"

Ọwọ́ Bàbá Kékeré padà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mo rí i, ìyàwó wa," ni wọ́n wí. "Omi náà pọ̀." Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó ti Màmá, àwọn àgbà méjèèjì sì ń wo òkun títí ọ̀kadà tó gbé Bàbá Kékeré wá fi ń fọn fèrè níta. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ju agbára mi lọ." Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe há sí wa lọ́fun. Ẹni tó bá gbé àwòrán náà kúrò ti kéde ikú ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ń jẹ́ kí ìyá wo sàréè ọmọ láàárọ̀ lálẹ́. Bàbá Kékeré a máa pè mí ní ọjọọjọ́ Sunday: "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" Màá ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á béèrè iléèwé. Bí Màmá bá ti ní "Ṣé o jí ire?" láti pálọ̀, màá dá ọwọ́ dúró lórí ògì tí mò ń pò. Mo ti rò ó pé kí n parọ́ pé ọ̀dà rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe, kí n gbé e lọ síléèwé, kí n má gbé e padà mọ́. Àmọ́ irọ́ náà ń fẹ́ agbára, agbára ọ̀hún ò sì sí lára mi. Ó rẹ̀ mí dé egungun. Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi pé ó lọ, mo bínú sí ara mi pé mo mọ àwòrán yà.

Ó yá, mo rí i pé kíkí náà ń dín kù. Màmá ṣì ń jókòó síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń wò ó ni, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò tíì parí. Ní ọ̀sán kan, wọ́n pè mí.

"Tíṣà, omi yẹn, ṣé ó máa ń gbẹ?"

"Rárá, Màmá. Òkun kì í gbẹ."

"Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Odò máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń hàn."

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ parọ́ fún wọn. Mo ní, "Kì í gbẹ nígbà kankan, Màmá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá aṣọ tó nípọn, òtútù ń mú àwọn.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Eruku rọlẹ̀, àwọn òkè tún hàn ketekete, ọ̀dà àwòrán náà sì ti gbẹ pátápátá. Mo ti iṣẹ́ dé, bàtà mi kún fún ẹrẹ̀, mo bá àga Màmá lófo. Mo bá wọn nínú yàrá wọn, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn.

"Màmá, ṣé ara yín ò yá ni?"

"Gbé kiní yẹn kúrò ní pálọ̀."

"Ṣé kò dára mọ́ ni?"

"Ó dára." Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. "Abiyamọ kì í wo ojú oórì ọma rẹ̀. Mo ti wò ó jù."

Mo lọ sí pálọ̀, mo gun orí àga, mo gbé òkun náà kúrò lára ìṣó. Bí férémù ṣe ha ògiri ni igbe ta nínú yàrá. Màmá ń pe ọmọ wọn. Wọ́n pè é ní orúkọ, wọ́n pè é ní oríkì tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n ní ó dìgbà o. Àwọn aládùúgbò jáde sójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gbàdúrà fún ẹkún yẹn, nígbà tó sì dé, mi ò lè gbọ́ ọ pẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, mo gbé àwòrán náà mọ́ àyà, mo sunkún tèmi náà, torí èmi pẹ̀lú ò tíì sunkún fún un.

Mo fara balẹ̀ wá ibi tí màá gbé e sí, mo gbé e síbẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Màmá, ohùn wọn ti há, ojú wọn wú, ara wọn sì rọ̀ bí ti ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n béèrè omi, wọ́n mu ún tán.

"Pe ọkọ mi ní Elegbeka," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n wá bá alùfáà mú ọjọ́. Èmi ò ní í tẹ̀ lé yín dé ibẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò rẹ̀ ni kí ẹ lọ."

"Ó dáa, Màmá."

Wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Níbo lo gbé e sí?"

Mo la ẹnu láti dá wọn lóhùn. Màmá yára gbé ọwọ́ lé mi lẹ́nu, ọwọ́ wọn sì ṣì tutù fún omi tí wọ́n mu.

"Má sọ fún mi."

Mi ò sọ fún wọn. Wọn ò sì tíì béèrè mọ́ di òní.